Ríìmù mọ́tò kíkùn: owó wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ pé ọ̀dà kì í tún irin ṣe

Bí èèyàn bá dúró ní ibùdókọ̀ l'Odode Ìdànrè, tó ń wo ẹsẹ̀ àwọn mọ́tò tó ń ná ọ̀nà Àkúrẹ́ àtàwọn tó ń kó kòkó bọ̀ látinú oko, yóò rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ara mọ́tò ṣì dáa, ẹ́ńjìnnì ṣì ń dún dáadáa, ṣùgbọ́n ríìmù ti dípẹtà, ó ti pọ́n bí ilẹ̀ pupa. Ẹni tó ni mọ́tò mọ̀ pé kò dáa lójú, àmọ́ kò rówó ra òmíràn. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tíjọba àpapọ̀ ti fi náírà sílẹ̀ pé kí ọjà máa sọ iye tí wọn yóò máa ṣẹ́ ẹ, gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wọlé ló gbówó lórí, ríìmù tòkunbọ̀ náà kò sì gbẹ́yìn.

Ibi tí àwọn kan ti ń ráhùn yìí gan-an làwọn mí-ìn ti lè rí iṣẹ́ ṣe. Fọkanáísà, mẹkáníìkì, ẹni tó ń fọ mọ́tò, ọmọ iṣẹ́ pẹ́ńtà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, gbogbo wọn ló lè fi ríìmù kíkùn kún iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Kò gba ṣọ́ọ̀bù ńlá, ẹ̀yìnkùlé ilé tó fún un. Kò sì gba owó rẹpẹtẹ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó yẹ ká tètè sọ. Orí táyà àti ríìmù ni ẹ̀mí àwọn èrò inú mọ́tò wà. Ẹni tó kun ògiri tí kò dáa, ìtìjú lásán ni yóò jẹ. Ẹni tó kun ríìmù tí kò dáa, táyà lè yọ lójú títì pẹ̀lú èrò nínú mọ́tò. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ́ wa tòní fi dúró lórí gbólóhùn kan: ọ̀dà kì í tún irin ṣe. Ó ń jẹ́ kí irin rẹwà, ó sì ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ omi àti ẹrẹ̀, àmọ́ kò lè wo ríìmù tó ti ń ṣàìsàn sàn.

Irú ríìmù tí à ń wí

Oríṣi ríìmù méjì ló wọ́pọ̀ nígboro. Ọ̀kan ni onírin, èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní alọ́ì, tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe. Onírin là ń sọ o. Bí ojú yín kò bá dá wọn mọ̀, ẹ mú òòfà dání, kódà kó jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà tó ti bàjẹ́. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, alọ́ì ni, ìlànà tí wọ́n fi ń kun ìyẹn sì yàtọ̀.

Ríìmù onírin kì í ṣe ohun tuntun lọ́dọ̀ wa. Láti ọdún 1975 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, tí wọ́n sì ń to Volkswagen táwọn èèyàn ń pè ní ìjàpá l'Ékòó, òun ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Láyé ìgbà náà, ìdérí kékeré tó ń dán máa ń wà láàárín ríìmù. Àwọn tó fẹ́ràn oge a tún fi òrùka irin tó ń kọ mànà sí etí rẹ̀ yípo. Lóde òní, ọ̀pọ̀ Corolla àti Sienna tòkunbọ̀ ló ṣì ń lo ríìmù onírin, àmọ́ ìdérí oníke ló bò ó mọ́lẹ̀. Bí ìdérí náà bá já bọ́ sínú kòtò lọ́nà oko, ìgbà náà ni ìpẹtà máa ń hàn sójú ayé.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò

Kí ẹ tó gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ fọ ríìmù náà, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò tinú-tòde nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ohun mẹ́rin lẹ ń wá. Àkọ́kọ́ ni ibi tó bá ti sán, pàápàá láyìíká ihò nọ́ọ̀tì àti ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Èkejì ni ihò nọ́ọ̀tì tó ti gbòòrò, tí kò rí roboto mọ́. Ẹ̀kẹta ni etí ríìmù tó ti tẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ìpẹtà tó ti jẹ irin wọnú: ẹ fi ṣóńṣó irin gún un, bó bá ń wó lulẹ̀ wẹ́wẹ́, tó ti fẹ́lẹ́, ó ti tán.

Ríìmù tó bá ní èyíkéyìí nínú àléébù mẹ́rin yìí, ẹ má kùn ún. Etí tó tẹ̀ nìkan ni ẹ lè ní kó gbé lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́ ríìmù, kó tó gbé e padà wá. Èyí tó sán, tí ihò rẹ̀ gbòòrò, tàbí tí ìpẹtà ti jẹ tán, kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọn a fi fílà dí ojú ibi tó sán, wọn a kùn ún, wọn a gbé e fún ẹni ẹlẹ́ni. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ tí òtítọ́ bá ríìmù báyìí, ojú títì ló sábà máa ń jẹ́.

Ìkìlọ̀ kan tún wà níbí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná wẹ́dà tàbí iná gáàsì kan ríìmù tí táyà ṣì wà lára rẹ̀, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti tú atẹ́gùn rẹ̀ sílẹ̀. Ooru iná yẹn lè mú kí gáàsì tó léwu kó jọ sínú táyà, kó sì bú gbàù. Ó ti pa èèyàn rí ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ìmúrasílẹ̀ ló gba àkókò jù

Nínú wákàtí mẹ́wàá tí ẹ bá lò lórí ríìmù mẹ́rin, ọ̀dà fífín gan-an lè má ju wákàtí méjì lọ. Ìyókù, fífọ̀ àti híha ni. Ẹni tó bá kánjú níbẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ yóò bó kí oṣù mẹ́ta tó pé, oníbàárà yóò sì padà wá.

Ohun tó dáa jù ni kí fọkanáísà yọ táyà kúrò lára ríìmù. Bí oníbàárà kò bá fẹ́ san owó ìyẹn, ẹ tú atẹ́gùn táyà náà sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá fi káàdì tàbí páálí tó le há àárín etí ríìmù àti táyà yípo, kí ọ̀dà má baà kan rọ́bà.

Ọṣẹ ìfọṣọ àti omi lẹ ó kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́, ẹ̀yìn náà lẹ ó wá fi tínà nu gírísì àti ọ́ìlì kúrò. Àwọn kan máa ń fi sáńdípépà ha irin kí wọ́n tó nu gírísì. Àṣìṣe gbáà ni, torí pé ńṣe ni wọ́n ń fi sáńdípépà ti ọ̀rá náà wọnú irin. Ẹ má sì fi epo pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ o. Ó ń gba iná ju bí ẹ ti rò lọ.

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà tó dúró sójú. Sáńdípépà onínọ́ńbà 80 lẹ ó fi gbá ibi tó le, 180 tàbí 240 lẹ ó fi tẹ́ etí ọ̀dà àtijọ́ títí tí ọwọ́ yín kò fi ní í mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, 320 tàbí 400 lẹ ó sì fi parí ẹ̀. Bí nọ́ńbà sáńdípépà bá ṣe ń pọ̀ sí i ló ṣe ń kúnná sí i. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Nítorí náà, omi ni kí ẹ fi máa ha ọ̀dà àtijọ́ kí eruku má baà fẹ́, kí ẹ sì lé àwọn ọmọ jìnnà. Bí ẹ bá ti ha á tán, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, ẹ tún fi tínà nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ má sì fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́.

Irin tí ẹ ti ha sílẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn sílẹ̀ láìkùn. Ìrì òru kan ṣoṣo ti tó fún ìpẹtà láti tún bẹ̀rẹ̀, pàápàá nílùú tí òkè àti igbó yí ká bíi Ìdànrè.

Ibi tí ọ̀dà kò gbọdọ̀ dé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì. Àyè mẹ́ta ló wà lára ríìmù tí ẹ gbọ́dọ̀ fi téèpù onípépà tí àwọn pẹ́ńtà ń lò bò kí ẹ tó fín ọ̀dà.

Èkíní ni ojú ihò nọ́ọ̀tì, níbi tí nọ́ọ̀tì ti ń jókòó. Bí ọ̀dà tó nípọn bá wà níbẹ̀, nọ́ọ̀tì yóò le lọ́jọ́ tí ẹ bá dè é. Ṣùgbọ́n tí mọ́tò bá ti ń sáré, tí ooru sì mú un, ọ̀dà yóò rún, àlàfo yóò wà, nọ́ọ̀tì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń mú kí táyà yọ nìyẹn. Èkejì ni ẹ̀yìn ríìmù, ojú pẹrẹsẹ tó ń fara ti irin ẹsẹ̀ mọ́tò. Ìdí kan náà ni. Ẹ̀kẹta ni inú etí ríìmù, níbi tí táyà ti ń lẹ̀ mọ́ irin. Lára táyà tí kò ní tíúbù, ibẹ̀ ló ń dá atẹ́gùn dúró. Bí ìpẹtà tàbí ọ̀dà gbágungbàgun bá wà níbẹ̀, atẹ́gùn yóò máa jò díẹ̀díẹ̀, oníbàárà yóò sì máa fẹ́ táyà láràárọ̀. Ẹ ha ibẹ̀ kó dán, ẹ má da ọ̀dà lé e lórí. Bí irin ibẹ̀ bá ti hàn síta, ọ̀dà ìpìlẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó gbẹ dáadáa ti tó.

Bí ẹ bá dá táyà padà, ẹ de nọ́ọ̀tì ní ìdojúkọ-ìdojúkọ, kì í ṣe yípo. Ẹ sọ fún onímọ́tò pé kó padà wá kí ẹ tún fi sípánà dán nọ́ọ̀tì wò lẹ́yìn bíi kìlómítà 50 sí 100, ìyẹn bíi kó lọ sí Àkúrẹ́ kó sì padà wálé lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀fẹ́ ni kí ẹ ṣe ìyẹn. Kò ná yín ní nǹkan kan, ó sì ń jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé ẹ kò kàn gba owó rẹ̀ lásán.

Fífín ọ̀dà

Ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe fún irin lẹ ó kọ́kọ́ fín, èyí táwọn pẹ́ńtà ń pè ní práímà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọ̀ tí oníbàárà fẹ́, ì báà jẹ́ dúdú tàbí àwọ̀ fàdákà. Kílíà tó ń dán ni yóò kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ọ̀dà inú agolo lẹ lò, ẹ mi agolo náà fún ìṣẹ́jú bíi méjì, kí ẹ dúró ní bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 sí ríìmù, kí ọwọ́ yín sì máa rìn, kó má dúró lójú kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan gbàǹgbà lọ, torí pé èyí tó bá nípọn yóò ṣàn bí omijé. Láàárín ìfín kan sí èkejì, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àyàfi tí ohun tí wọ́n kọ sára agolo bá yàtọ̀. Ẹ ra práímà, àwọ̀ àti kílíà láti ilé iṣẹ́ kan náà. Bí wọn kò bá bára mu, ọ̀dà ìsàlẹ̀ lè hó bí awọ tí omi gbígbóná bò.

Bí òjò bá ṣú, ẹ gbé iṣẹ́ tì. Nígbà tí omi bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ọ̀dà máa ń funfun bí ẹni pé èéfín bò ó, kì í sì dán mọ́. Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán lákòókò dáa jù, lábẹ́ ibòji, kì í ṣe nínú oòrùn gan-gan. Lásìkò ọyẹ́, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ yí ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ká, kí eruku má baà gbéra. Ó kéré tán, kí ríìmù sinmi fún wákàtí 24 kí ẹ tó de nọ́ọ̀tì mọ́ ọn.

Òrùka etí àti ìdérí oníke

Òrùka irin tó ń dán kò fẹ́ ọ̀dà ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi ohun èlò tí wọ́n fi ń dán irin, irú bíi Brasso, nù ún. Bí ara rẹ̀ bá ti bó, tí oníbàárà sì fẹ́ kí ẹ kùn ún, ẹ gbọ́dọ̀ fi sáńdípépà pa dídán náà pátá, kí ẹ sì lo práímà tó lè di irin dídán mú, torí ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ ojú tó ń dán. Ní ti ìdérí oníke, tínà líle lè yọ́ ọ. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì ra práímà tí wọ́n ṣe fún ike. Iṣẹ́ kékeré lèyí, àmọ́ ó ń mówó wọlé kíákíá, nítorí kò sí pé à ń yọ táyà.

Ilé yín àti ẹ̀dọ̀fóró yín

Iṣẹ́ tó bá wà nínú ọgbà ilé, gbogbo ará ilé ló wà nínú ewu rẹ̀. Tínà àti ọ̀dà inú agolo máa ń gba iná. Ẹ má fín in nítòsí sítóòfù, jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, tàbí ẹni tó ń mu sìgá, ẹ má sì fín in nínú yàrá tí wọ́n tì pa. Aṣọ tí ẹ dì mọ́ imú kò lè dá òórùn ọ̀dà dúró. Ìbòmú tó ní àsẹ́ fún òórùn kẹ́míkà ni kí ẹ rà, kí ẹ sì wọ gíláàsì ìdáàbòbò ojú nígbà tí ẹ bá ń ha ìpẹtà. Ọ̀dà kan wà tí wọ́n ń po ohun tó ń mú un le mọ́, táwọn pẹ́ńtà ńlá ń lò. Ẹ má lò ó nílé. Ó lè fa ikọ́ fée tí kì í lọ mọ́, ìbòmú lásán kò sì tó fún un.

Iye tó yẹ kí ẹ gbà

Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń pàdánù nìyí. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Iye tí a ó lò yìí, láti fi kọ́ ìṣirò ni. Iye tọ́jà l'ọ́dọ̀ yín ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Ká sọ pé ríìmù mẹ́rin gba agolo ọ̀dà márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦3,500. Ìyẹn jẹ́ ₦17,500. Sáńdípépà, ọṣẹ, tínà àti téèpù jẹ́ ₦4,000. Fọkanáísà gba ₦4,000 láti yọ táyà àti láti dá a padà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦25,500. Bí ẹ bá gba ₦30,000, ẹ ó rò pé èrè ₦4,500 ló wọlé. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ méjì lẹ fi ṣiṣẹ́. Ó túmọ̀ sí pé ₦2,250 lẹ gbà lójúmọ́, láìtíì ka búrọ́ọ̀ṣì tó ń jẹ àti ìbòmú tó ń gbó.

Ìṣirò tó tọ́ rèé. Lórí ₦25,500 yẹn, ẹ fi owó iṣẹ́ yín kún un, ká sọ pé ₦6,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ méjì, ó di ₦37,500. Ẹ fi ₦1,500 kún un fún irinṣẹ́, ó di ₦39,000. Ẹ wá yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹn, ₦3,900, fún iṣẹ́ tó lè padà wá, ó di ₦42,900. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà dé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ èrè. Bí oníbàárà bá ní ó ti pọ̀ jù, ẹ má bá a dín ìmúrasílẹ̀ kù. Ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ kun méjì iwájú lóṣù yìí, kí ẹ kun méjì ẹ̀yìn lóṣù tó ń bọ̀.

Ẹ ní ìwé kékeré kan. Ẹ kọ iye agolo tó kun ríìmù mẹ́rin, ọjọ́ tí ẹ ṣe é, àti èyí tó padà wá pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìwé yẹn ni yóò sọ fún yín bóyá ó tó àkókò láti ra kọ̀mpírẹ́sọ̀, kí ẹ máa ra ọ̀dà ní gálọ̀nù, tó máa ń dín owó kù. Ẹ má torí kọ̀mpírẹ́sọ̀ lọ yá owó èlé kí iṣẹ́ tó dúró.

Àsìkò ọjà

Ìdànrè jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ìlú kòkó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, owó kòkó ló sì ń mú kí ọjà yá. Láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní ọdún, tí kòkó bá jáde dáadáa, àkókò náà ni àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tó ń gbé ẹrù wọn máa ń rówó tún mọ́tò ṣe. Ó ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ìgbà tí òjò ń lọ, tí ọ̀dà sì ń gbẹ dáadáa. Ẹ ra ohun èlò yín sílẹ̀ kí àsìkò náà tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé kòkó nìkan. Ní ọdún 2024, iye tí wọ́n ń ta tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé kọjá 10,000 dọ́là, àmọ́ ní ọdún 2025 ó já wálẹ̀ gan-an. Àwọn onímọ́tò èrò, tó ń pawó lójoojúmọ́, ni yóò gbé yín dúró nígbà òjò.

Ẹ bá fọkanáísà méjì tàbí mẹ́ta ṣe àdéhùn, kí wọ́n máa juwe yín fún ẹni tí táyà rẹ̀ ń jò nítorí ìpẹtà. Ẹ máa ya fọ́tò ríìmù kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, àti lẹ́yìn tí ẹ bá parí rẹ̀, kí ẹ fi í sórí WhatsApp. Bí agbára bá ti gbé e, ẹ ra ríìmù Corolla mẹ́rin tó dáa, kí ẹ kùn ún sílẹ̀ fún pàṣípààrọ̀, kí oníbàárà tí kò lè dúró fún ọjọ́ méjì gba tiyín, kó fi tirẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹ ṣáà ti rí i dájú pé ìwọ̀n rẹ̀ àti àlàfo ihò nọ́ọ̀tì bára mu, kí tirẹ̀ tó fi sílẹ̀ sì ti yege nínú àyẹ̀wò tí a sọ lókè yìí.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí oníbàárà yóò gbé ríìmù tó sán wá, tí owó yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò sì ní kí ẹ ṣáà kùn ún bẹ́ẹ̀. Ẹ dá a padà. Owó ọjọ́ méjì péré lẹ pàdánù. Gbogbo ibùdókọ̀ ni yóò gbọ́ pé ẹ dá a padà, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé èyí tí ẹ kùn fún òun, irin tó le ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.